Fáìlì Pádì ti Ìyá Shalom

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí Iredélé, tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Jikwoyi ń pè ní Ìyá Shalom, ti ń tọ́jú fáìlì ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Fáìlì kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá yòówù kó fẹ́ gba ìwé, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ìwà yìí kan náà ló gbé dé ìdí pádì géèmù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti retí obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Pádì tí kò ní wáyà là ń sọ, èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ènìyàn gbà pé bí pádì bá ti ń kú lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kí a ra òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bátìrì inú rẹ̀ ló gbó; kò sí ohun tó ṣe pádì fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí Shalom ọmọ rẹ̀ lọ ra tuntun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, Iredélé tú ẹ̀yìn pádì náà, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó mú un dání lọ sọ́jà, ó sì ra irú rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré.

Ohun tó mọ̀ yìí ló gbé e dìde nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn. Pádì mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ní fún ìdíje géèmù ọdọọdún, gbogbo wọn ló sì ti ń kú láàárín eré. Diméjì, olórí àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ka Life Camp, àdúgbò àwọn olówó, ní kí wọ́n ra tuntun mẹ́rin.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà nítorí bátìrì?” ni Iredélé wí. “Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá kú lọ́jọ́ ìdíje, èmi ni n ó ra tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú owó oṣù mi.”

“Ìyá Shalom,” ni Bàbá Hezekiah, alága ẹgbẹ́, wí, “ṣé owó oṣù tí ìjọba ń san fún wa yìí náà ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Iredélé ò rẹ́rìn-ín. “Òun náà ni, Alága. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n fún un lówó náà. Ó pààrọ̀ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fún pádì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì ṣí fáìlì fún wọn. Shalom ń gbá géèmù, ìyá rẹ̀ ń wo aago. Wákàtí méje ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ó pa gbígbọ̀n tí pádì máa ń gbọ̀n, ó dín iná ara rẹ̀ kù: wákàtí mẹ́sàn-án. Jikwoyi ló ń gbé, níbi tí iná ti ń wá bí àlejò, nítorí náà kì í fọkàn tán ṣáájà. Bó bá ki pádì bọ ṣáájì, yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sùn, yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò bó bá jí.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Diméjì gbé pádì tirẹ̀ wá.

“Mọ́mì, ẹ máa bá àwọn arúgbó yín yẹn ṣeré. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ni.”

“Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí?”

“Yẹ kí ni wò? Orí ṣáájì ló sùn. Life Camp la ti wá, Mọ́mì. Iná kì í lọ lọ́dọ̀ wa.”

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ku Diméjì àti Habeebah, ọmọbìnrin Jikwoyi kan, nínú àṣekágbá. Méjì sí méjì ni wọ́n wà. Pádì nọ́ńbà mẹ́ta, èyí tó gbó jù, ló wà lọ́wọ́ Habeebah. Lójijì eré dúró, àkọlé yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé pádì kan ti kú.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó! Iredélé sáré dé ẹ̀yìn Habeebah. Iná nọ́ńbà mẹ́ta ṣì ń tàn.

Diméjì ló ń tẹ pádì rẹ̀ títí tí kò dáhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

“Áyọ́ọ̀nù! Mo yọ pádì yín lójú iná lálẹ́ àná láti lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rántí dá a padà.”

“Kai!” Diméjì rọra wá síwájú Iredélé. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọ̀kan.”

Iredélé ṣí fáìlì. “Nọ́ńbà mẹ́rin. Ó ti ṣe wákàtí méje láti àárọ̀. Fọwọ́ síbí.”

“Mọ́mì! Wọ́n ń dúró dè mí!”

“Wọ́n á dúró. Ọ̀gá àgbà pátápátá níbi iṣẹ́ mi pàápàá ń fọwọ́ sí i.”

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Diméjì fọwọ́ sí i.

“Déètì ńkọ́?”

Ó kọ déètì.

Nọ́ńbà mẹ́rin yìí náà ló fi na Habeebah, mẹ́ta sí méjì. Inú àwọn ọmọ Jikwoyi bàjẹ́, ṣùgbọ́n Iredélé ò bá wọn banújẹ́. Pádì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá Hezekiah dìde, ó ní ọ̀rọ̀ pádì tuntun ti parí nínú ẹgbẹ́, láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ Ìyá Shalom ni gbogbo pádì yóò máa wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iredélé na ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.

Diméjì mú nọ́ńbà mẹ́rin bọ̀, ó sì gbé tuntun tirẹ̀ lé e.

“Mọ́mì, ẹ bá mi ṣí fáìlì fún tèmi náà.”

“Nọ́ńbà márùn-ún nìyẹn,” ni Iredélé wí, ó sì na bírò sí i. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé o ti dá nọ́ńbà mẹ́rin padà.”