Ìlà Pupa Ara Ọkọ̀

Ní Bessé, níbi tí a ti ń wọkọ̀ kọjá odò Ouémé, kò sẹ́ni tí kì í bú Àbíbù lẹ́yìn. Èmi Wàsílátù oníṣu ni mo sì mọ̀ ọ́n bú jù.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe ẹ̀ṣọ́ etí òkun ní Kútọnù. Ó yọ àwọn apẹja nínú ìjì, ó dá ọkọ̀ tó rù kọjá agbára padà. Odò ilé ni kò rí ṣọ́. Ọjọ́ tí Moustapha àbúrò rẹ̀ bá ọkọ̀ oníṣu rì ní Bessé, ojú òkun ló wà tí wọ́n fi tẹlifóònù túfọ̀ rẹ̀ fún un. Bó ṣe fẹ̀yìntì, etí odò wa ló kọrí sí. Ó kun ìlà pupa sára ọkọ̀ Rodrigue atukọ̀: bí omi bá ti bo ìlà yẹn, ẹni tó wọlé kẹ́yìn á sọ̀ kalẹ̀. A ní ọkàn rẹ̀ le. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lóṣù kẹjọ tó kọjá, odò kún dẹ́nu. Ìyá Àbíbù ń lọ sí òdìkejì odò, níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí tí ọmọ Moustapha bí. Wọn ò ní pe orúkọ láìsí màmá. Òun ló wọlé kẹ́yìn, omi sì bo ìlà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Àbíbù wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá tó bí yín lẹ ń lé?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti àpò iṣu méjì sábẹ́ ẹní nínú ọkọ̀, kó má baà rí i.

Màmá sọ̀ láìjanpata. Síbẹ̀, omi kò kúrò lórí ìlà. Kò sẹ́ni tó mira. Màmá dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ká ní ẹnìkan ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ ti Moustapha," ló wí.

Ojú tì mí gan-an. Mo wọ́ àpò méjèèjì jáde, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ìlà yọ. Àbíbù wọ jilé fún ìyá rẹ̀, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó fi í jókòó sípò mi, Rodrigue sì tukọ̀ lọ.

Èmi àti Àbíbù jókòó lórí iṣu mi, à ń wò wọ́n títí màmá fi gúnlẹ̀. Kò bá mi wí. Mo yíjú sí i kí n lè bẹ̀ ẹ́. Omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.