Ọjọ́ Tí Iná Ìgbẹ́ Ká Wa Mọ́ Ojú Ọ̀nà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgànná, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí iléèwé gba ìsinmi, mo mọ̀ pé ọ̀nà Ìdí-Òdán ti yá nìyẹn. Abà yẹn ni wọ́n ti bí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ kí àwọn ẹbí wọn níbẹ̀, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn ín. A ó kúrò nílé ní ìdájí, a ó rìn títí di ìrọ̀lẹ́, a ó sùn sínú oko, ọjọ́ kejì la ó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí pé ọ̀kadà kò tíì wọ irú abà bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ẹrù wa kì í pọ̀: ẹní, ìkòkò kan, iṣu, kúlíkúlí, wàrà díndín tí Ìyá Àgbà fi ewé pọ́n, àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹni tó bá béèrè pé ṣé a ti fẹ́ẹ̀ dé ni yóò gba ìkòkò rù, dúdú ìdí rẹ̀ á sì kun onítọ̀hún níwájú orí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àparò nínú koríko ló máa jẹ wàrà kan. Mo ru ìkòkò ju bí mo ṣe jẹ wàrà lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwa mẹ́rin la jọ lọ, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan. Bàbá Ràímì, àgbẹ̀ tí ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa, ń lọ wo oko iṣu wọn. Ìyá Súlè, aládùúgbò wa, pọn Súlè àkọ́bí wọn, wọ́n ń gbé e lọ fún ìyá wọn tí kò tíì rí ọmọ náà. Ọyẹ́ la ètè wa, erùpẹ̀ pupa sọ ẹsẹ̀ gbogbo wa di àwọ̀ kan náà. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, Bàbá Ràímì fi erùpẹ̀ ṣe tayamọ́mù dípò àlùwàlá kí omi mímu wa má bàa tán, àwa sì jókòó sábẹ́ igi irú, à ń jẹ kúlíkúlí.

Kò pẹ́ tí a tún gbéra ni Ìyá Àgbà dúró, tí wọ́n gbé imú sókè. Àwọn àwòdì ń yí lójú ọ̀run lápá ọ̀tún wa. Ehoro kan sáré gba iwájú wa kọjá, kò tilẹ̀ wò wá. Kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti ń gbọ́ ọ tó ń ta pàràpàrà. Iná ìgbẹ́ ni. Atẹ́gùn ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì ga ju àgbà lọ.

Ìyá Súlè yí padà, wọ́n fẹ́ sáré gba ibi tí a ti wá.

“Dúró, Ìyá Súlè,” ni Ìyá Àgbà wí. “O ò lè yára tó atẹ́gùn.”

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tú ìṣáná ní ìdí aṣọ, wọ́n ṣá a sí koríko tó wà lápá òsì wa. Bàbá Ràímì di ọwọ́ wọn mú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná kún iná.”

“Eérú kì í jó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ já ewé, ká fi lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má yà sọ́dọ̀ wa.”

Atẹ́gùn kan náà tó ń gbé iná ńlá bọ̀ ló gbé tiwa lọ síwájú, ó fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀ fún wa. Ìyá Àgbà da gbogbo omi kẹ́ẹ̀gì sórí ìborùn wọn, wọ́n fi bo Súlè àti ìyá rẹ̀, a sì wọ inú eérú náà. Ilẹ̀ gbóná débi pé mò ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Èéfín bò wá, mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí kálímà tí Bàbá Ràímì ń pè nìkan ni mò ń gbọ́. Iná náà dé etí ilẹ̀ tí a ti jó, ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Súlè tí a torí rẹ̀ da omi nù kò tilẹ̀ jí. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán ló tó lajú, tó ń ké fún ọmú.

Òùngbẹ ló wá kù. Ìyá Àgbà ní kí n fi òkúta kékeré sẹ́nu kí ọ̀fun mi má bàa gbẹ, a sì rìn títí a fi dé gáà Fúlàní kan nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan níbẹ̀ wo ojú wa tó dúdú, wọn ò bi wá ní nǹkan kan. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, lẹ́yìn náà ni nọ́nò, wàrà mímu wọn tó kan díẹ̀. A tẹ́ ẹní sí tòsí màlúù wọn, a sun iṣu, Bàbá Ràímì sì bá àwọn ọkùnrin gáà kírun. Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ẹ̀rù kò bà wọ́n.

“Ó bà mí,” ni wọ́n wí. “Mi ò kàn jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbọ́ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé Ìdí-Òdán, ìyá Ìyá Súlè gba ọmọ lọ́wọ́ wa, wọ́n gbóòórùn èéfín ní orí rẹ̀, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ títí a fi jẹun tán.

Lóde òní, ọ̀kadà ń dé Ìdí-Òdán. Lọ́dún tó kọjá mo gun ún lọ, nígbà tí mo débẹ̀, omi inú ọ̀rá tí mo rà ní Ìgànná ṣì tutù. Mi ò ní purọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun dúró nínú eérú gbígbóná? Ṣùgbọ́n títí Bàbá Ràímì fi kú, wọn kì í jẹ iṣu tuntun láìfi tiwa ránṣẹ́. Súlè, tó ti di bàbá ọmọ báyìí, ṣì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò tan. Ọ̀dọ́kùnrin tó fi ọ̀kadà gbé mi lọ́dún tó kọjá, mo di í léjìká mú láti Ìgànná títí dé abà. Ó ti yí padà, ó ti ń lọ, kí n tó rántí pé mi ò béèrè orúkọ rẹ̀.