Ó Kàn Ẹ́

Ìdáná wa ní Dagenham kò fẹ̀. Tí èèyàn méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara ti fìríìjì. Ibẹ̀ náà ni ọmọ mi obìnrin lẹ téèpù funfun mọ́lẹ̀ sí, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí sítóòfù, tó ní òun fẹ́ kọ́ mi ní òfin bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti ń gbé àwọn arúgbó dìde látàárọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Ó ní tí òun bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ kó yé èmi, á jẹ́ pé ó ti yé òun náà nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹfirí ló fẹ́ ṣe. Ó ti ṣe ìdánwò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi. Obìnrin òyìnbó tó ń yẹ̀ wọ́n wò ní ó mọ òfin dáadáa, àmọ́ tó bá ti fọn fèrè tán, á kọ́kọ́ máa wo ojú àwọn èèyàn bí ẹni tó ń tọrọ àyè, kó tó sọ ohun tó rí. Ó ní òun á tún wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá yege, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Inú bí mi. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni, tí kì í wo àgbà lójú kòrókòró, tí kì í já lu ọ̀rọ̀. Ṣé ìyẹn ló wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ tó ń sunkún nínú balùwẹ̀, tó ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́, mo sì gbà láti kẹ́kọ̀ọ́.

Orí ìlà la ti kọ́kọ́ jà. Ó ní tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ìlà, ó ti jáde. Mo ní irọ́ ni. Èmi tí mo ti ń bá bàbá mi wo bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá n'Íjẹ̀bú láti kékeré, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó wà lórí ìlà ṣì wà nínú. Ó ní nínú tiwọn, ìta ló ni ìlà. Mo bi í pé ta ló máa ń fi ògiri ilé ẹ̀ ta àdúgbò lọ́rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ló bá mú ọsàn kan, ó sọ ọ́ lù mí lọ́wọ́, ọsàn yí kọjá téèpù. Ó ní, "Ó kàn yín, Mọ́mì. Ẹ̀yin ló kàn gbẹ̀yìn kó tó jáde, torí náà ẹgbẹ́ kejì ló máa jù ú wọlé." Ó ní kódà kó jẹ́ èékánná lásán ló kàn, kò sí àwáwí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹni tó fò sókè. Ó ní tí èèyàn bá fò láti inú, tó ré kọjá ìlà lójú òfuurufú, kò tíì jáde. Ó lè mú bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó sọ ọ́ padà sínú, ẹnikẹ́ni ò ní fọn fèrè, àfi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá balẹ̀ síta tòun ti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ibi tó ti gbéra ló ṣì wà. Mo rántí ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú n'Íkẹjà, bí mo ṣe ń sunkún, tí mi ò mọ ibi tí mo wà. Ta ló jókòó tó ronú irú òfin báyìí? Orí mi wú. Mo ní kó tún un sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn ni ìdánwò kejì bọ́ sí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà mìíràn ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn kan ní Barking. Obìnrin òyìnbó náà ní àárín àwọn èèyàn ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ ti wò ó. Àwọn àgbà wa wá tàwọn ti sùtánà lára, láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe jáde nílé àdúrà.

Mi ò rí ọmọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tí kì í lè pinnu ohun tó máa jẹ lálẹ́, òun ló ń sáré lọ sáré bọ̀, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀ létí ìlà, fèrè lẹ́nu. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan fò kọjá ìlà, ó sì sọ bọ́ọ̀lù padà sínú kó tó balẹ̀. Gbogbo èèyàn pariwo pé ó ti jáde. Ọmọ mi mi orí, eré ń lọ. Mo sọ fún bàbá alàgbà tó jókòó tì mí pé kò tíì jáde. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, àmì wọn sì dọ́gba. Ọmọkùnrin kan nínú tiwa nawọ́ sí bọ́ọ̀lù, ó kàn án lórí ìka, ó sì jáde. Ọmọ mi fọn fèrè, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Yorùbá ìdáná wa ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Ó kàn ẹ́."

London ni wọ́n bí ọmọkùnrin yẹn sí. Ìdí lúdò nìkan ló ti ń gbọ́ "ó kàn ẹ́" nílé wọn, tí ìyá ẹ̀ bá ní kó wá ta tiẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó dúró létí ìlà láti jù ú wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì kejì fariga. Wọ́n ní rẹfirí ń ṣègbè.

Obìnrin òyìnbó náà ti dìde, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ọmọ mi. Bàbá alàgbà fọwọ́ tọ́ mi. "Ìyá, ẹ lọ sọ fún ọmọ yín kó má yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà o. Ó ti ní àwa ló kàn."

Mo dìde. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Mo fẹ́ lọ ṣàlàyé fún gbogbo wọn ni, kí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán má baà já ọmọ mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti fẹ́ wọlé sórí pápá nígbà tí ọmọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí mi.

"Mọ́mì, ìta lẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀."

Ó wò mí lójú. Kò rẹ́rìn-ín, ohùn ẹ̀ ò sì gbọ̀n. Ọmọ tí mo bí, lójú gbogbo ìjọ. Inú kọ́kọ́ bí mi débi pé etí mi gbóná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, irú èyí tó máa ń bà mí níwájú pẹpẹ. Mo fẹ̀yìn rìn.

Ó lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún sọ ọ́ lédè òyìnbó kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ọwọ́ ẹ ló kàn gbẹ̀yìn. Tiwọn ni." Bàbá alàgbà pè é lórúkọ, ó tún un pè. Kò yíjú. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ṣọ́ọ̀ṣì kejì, wọ́n sì fi í gba àmì tó kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe na tiwa nìyẹn.

Bí èèyàn ṣe ń tú ká, obìnrin òyìnbó náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì rí i tí èjìká ọmọ mi wálẹ̀. Ó ti yege. Ó kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí bàbá alàgbà, bàbá náà ṣe bí ẹni tó ń wá Bíbélì ẹ̀. Ló bá wá sọ́dọ̀ mi, ó ti ń tẹ orúnkún. "Mọ́mì, ẹ má bínú pé mo dá yín dúró."

Mo di ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ mú, mi ò jẹ́ kí orúnkún yẹn dé ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá àgbà kan ló dúró síbẹ̀. "Mọ́mì, ta lẹ̀ ń kí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."