Ọkọ̀ Yìnyín Tí Dádì Tún Ṣe

Bí òórùn dídùn omi rédíétọ̀ bá ti kàn mí nímú, mo máa ń rántí ọjọ́ tí dádì mi mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín ní Manchester. Dádì máa ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ní ọkọ̀ yìnyín kan tó ń sáré lórí bẹ́líìtì, ìṣó ara bẹ́líìtì náà ti lu rédíétọ̀ abẹ́ ẹ̀. Dádì jó ihò náà pa, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, ó bu omi ọṣẹ sí i láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń jò, kò sí ìfófòó kankan.

Ọ̀gá ibẹ̀, òyìnbó kan, bi í bóyá ó dá a lójú pé kò ní jò mọ́.

“By God's grace, sir.”

Ojú òyìnbó náà yí padà. Ó ní òun á pe ẹlòmíì tó dá lójú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé kò sí “bẹ́ẹ̀ ni” tó dájú jùyẹn lẹ́nu Dádì.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀.

“Kí ni mo sọ tí ò dáa?”

“Mi ò mọ̀, Dádì.”