Ẹni tí ó Tú Àlàáfíà fún Mi

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí orí yín ti funfun bí tèmi, ta ni ó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń gbàdúrà? Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Èkó, ní ọdún díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira, mo rò pé bí a ti ń bí ọmọ tòun ti ahọ́n rẹ̀ náà ni a ń bí i tòun ti àdúrà.

Ilé ìjọsìn wa kò jìnnà sí Marina. Atẹ́gùn ọ̀sà a máa wọlé wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin gíga kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà ni ó ń kọ́ àwa ọmọdé ní Bíbélì. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn jù ni kí ó máa tú orúkọ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ palẹ̀, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá ń tú ẹrù. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀rín ni ìtumọ̀ Ísáákì, nítorí ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ arúgbó rín nígbà tí wọ́n ní yóò bímọ. Òun ni ó sọ fún wa pé ilé oúnjẹ ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ikùn wa a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, nítorí ìrẹsì ọjọ́ Àìkú ń dúró dè wá nílé.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀ lé Àjíǹde, ọmọ kọ̀ọ̀kan a dúró níwájú ìjọ láti tú ọ̀rọ̀ kan. Òfin kan ṣoṣo ni Tíṣà fi lélẹ̀: bí o bá tú ọ̀rọ̀ tán, o gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ Tíṣà fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó jẹun tí kò bèèrè ẹni tí ó sè é, olè ni.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, “àlàáfíà” ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí Jésù fi dágbére fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lọ bá bàbá mi, tí í ṣe àgbà ìjọ, tí ìwàásù máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, “Àlàáfíà ni àlàáfíà. Lọ fọ ìgò fìtílà.”

Ẹnì kan wà tí mo mọ̀ pé yóò mọ̀ ọ́n. Bàbá Àfáà ni, aládùúgbò wa ní ojúlé kejì, tí ó ń ran fìlà, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ó ṣáájú, mo ti jókòó tì wọ́n títí mo fi mọ lẹ́tà àlíífù àti bá'ù, mo sì ń fi í ṣe orin bí mo ti ń fọ abọ́. Bàbá mi gbọ́. Lẹ́yìn tí ó ti fi pàṣán mẹ́fà dá mi lẹ́kun, ó búra pé, “Ọjọ́ tí o bá tún jókòó sí ilé kéwú, Abẹ́òkúta ni wàá sùn!” Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ń wí, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò lópin, tí kò sì fẹ́ràn kí ọmọdé máa ta súwè. Lójú ọmọ Èkó bí tèmi, ibẹ̀ ni ayé parí sí.

Ọjọ́ Ẹtì Rere dé. A ti rin àgbọn, a ti fún wàrà rẹ̀, a ti lọ ẹ̀wà kúnná, òórùn kànáfùrù sì gba gbogbo àgbàlá. Fréjọ̀n ni, oúnjẹ tí àwọn Àgùdà mú wá sí Èkó. Kò sí ọdún tí a kì í gbé e fún Bàbá Àfáà, bí òun náà kì í ti í gbàgbé wa nínú ẹran Iléyá. Ìyá mi gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Gbé e fún un, kí o sì yára padà.”

Mo gbé e dé ibẹ̀. Yíyára padà ni kò ṣeé ṣe.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àlàáfíà?”

Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Jókòó, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì.” Mo sì jókòó. Ó ní láti èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Pé kí Ọlọ́run bo ènìyàn ni, tí àìsàn àti ìbànújẹ́ kò fi ní ráyè wọlé. Ó gbé fìlà tí ó ń rán sókè sí ìmọ́lẹ̀. “Bí òwú kan bá tú, atẹ́gùn ti rí ọ̀nà. Èyí tí òwú rẹ̀ pé, òun ni àlàáfíà.”

“Àdúrà ńkọ́? Ìwàásù? Wòlíì?”

“Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn gbà wá sọ́dọ̀ yín,” ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ kò sì tíì dá abọ́ padà!”

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé Àjíǹde, mo dúró níwájú ìjọ nínú aṣọ funfun mi. Mo tú àlàáfíà títí kan fìlà àti òwú, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Ó wá ku orúkọ olùkọ́. Bàbá mi wà lórí àga iwájú, inú rẹ̀ ń dùn. Mo lè dárúkọ ìyá mi. Kì bá tí sẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ jẹ́ olè ní ilé Ọlọ́run.

“Bàbá Àfáà ojúlé kejì ni ó kọ́ mi.”

Ìyá kan ké lẹ́yìn pé, “Yéè! Ṣé kéwú ni wọ́n ń ké ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?” Òmíràn dá a lóhùn pé, “Àdúrà tí ẹ gbà láàárọ̀ ńkọ́, ta ló fún yín?” Tíṣà kò wí ju pé, “O ti pa òfin mọ́. Jókòó.”

Nígbà tí a délé, bàbá mi ní kí ìyá mi gbé àpótí mi jáde. Ìyá mi gbé e sí àárín pálọ̀, omi sì dúró lójú rẹ̀. Bí a ti wà bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ ikọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá Àfáà ni, ó gbé abọ́ wa lọ́wọ́, èso dàbínù kún inú rẹ̀, nítorí a kì í dá abọ́ padà lófìfo ní àdúgbò wa.

“Àlàáfíà fún ilé yìí o!”

Bàbá mi la ẹnu láti dáhùn, kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. “Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹ wọlé.”

“Mo gbọ́ pé wọ́n dárúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá fẹ́ rì mí bọ omi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé òtútù kì í jẹ́ kí n gbádùn.”

Irunmú bàbá mi kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó gbìyànjú láti gbé ẹ̀rín náà mì, ẹ̀rín náà sì borí rẹ̀. Bàbá Àfáà jókòó, ó gbé abọ́ dàbínù lé orí àpótí mi bí ẹni gbé e lé tábìlì. Bàbá mi bi í léèrè àdúrà, ó bi í léèrè wòlíì, wọ́n sì ń jẹ dàbínù títí oòrùn fi rọ̀.

Lóde òní, ọmọ ọmọ mi a tẹ fóònù, èdè Hébérù àti ti Gíríìkì a tò wá síwájú rẹ̀. Ó mọ̀ ju Tíṣà lọ. Bí mo bá ní, “Ta ni ó kọ́ ọ?” kò ní orúkọ tí yóò dá. Ọdún a sì dé, wọn a gbé oúnjẹ wá fún mi nínú ike tí ẹnikẹ́ni kì í retí kí n dá padà. Mo ń fọ̀ wọ́n, mo ń tò wọ́n jọ, mo sì ń dá wọn padà pẹ̀lú nǹkan nínú. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ti àpótí mi, ìyá mi dá a padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò gbé Abẹ́òkúta rí títí di òní.