Èsì Tí Wọ́n Ní Mo Hùmọ̀

Olórí kunkun ni mí, àwọn ará ilé mi mọ̀. Nígbà tí mò ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé ní College Park, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 2006, iṣẹ́ mi ni láti fi èròjà mángáníìsì ṣe lẹ́bú dúdú kan, kí n bu èròjà kóbáàtì ín-ń-tín sí i, kí n sì tẹ́ ẹ sórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A fẹ́ fi ṣe ohun tó ń tọ́jú iná bíi bátìrì, àmọ́ tó jẹ́ pé kíá ló máa ń gba iná yó. Tèmi gba iná ju ti gbogbo yàrá ìwádìí wa lọ. Mo yan fanda lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wá ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, tirẹ̀ ò gba iná dé ìdajì tèmi. Ó tún un ṣe, pàbó ló já sí. Ló bá lọ sọ fún ọ̀gá wa pé ó jọ pé mo hùmọ̀ èsì mi ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀gá ní kí n tún un ṣe lójú àwọn ní ọjọ́ Jímọ̀, bí kò bá yọrí, kí n wá yàrá ìwádìí mìíràn.

Mo fi ìbínú gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ní Kettering, nítòsí ibẹ̀, mo rojọ́ fún wọn.

"Ṣé o cook result yẹn ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Then go and do it jàre. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá fa àga, wọ́n jókòó tì mí. Mo wọn gbogbo nǹkan, mo pò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi fọ lẹ́bú náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìlànà yàrá wa wí, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì dà á kọ sínú ìwé.

Mo wo omi náà, ó ṣì pọ́n díẹ̀. "Kò tíì mọ́, sà."

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti fọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín nílé nìyẹn: èèyàn kì í ka ẹ̀ẹ̀melòó, omi ló ń wò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ ní kíkọ. Ẹlẹgbẹ́ mi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, iyọ̀ àwọn èròjà tó pò sì kù nínú lẹ́bú rẹ̀, ó dí àwọn ihò ín-ń-tín tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí a dán tèmi wò lọ́jọ́ Ajé, ó gba iná bíi ti àkọ́kọ́, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ọ̀gá mú bírò, wọ́n fagi lé "ẹ̀ẹ̀mẹta" lórí ìwé ìlànà tó wà lára ògiri, wọ́n ní kí n kọ tèmi sí i. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Orí mi wú. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá yẹn láti ọjọ́ náà, ìlànà mi ló ń tẹ̀lé.

Ẹlẹgbẹ́ mi náà tẹ̀lé e, tirẹ̀ sì yọrí. Ó wá bẹ̀ mí, ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní kò dùn mí rárá. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.