Owó Iṣẹ́ Wọ́dà

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Houston, ilé gíga kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́ ni ọkọ mi ń ṣọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti kó lọ níkọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ onílé ṣì ń sanwó fún un kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣọ́. Á rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn ún, torí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló bá wá sí Amẹ́ríkà, kí náírà tó di yẹpẹrẹ, tí ará ilé ò sì rí owó ilé ìwé fi ránṣẹ́ mọ́.

Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti rí ìkéde ilé ìwé náà. Ọdún méjì péré, wọ́n á kọ́ ọ nípa ọ̀daràn, ọlọ́pàá, kóòtù àti ẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí. Criminal justice ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi ní ìwé ẹ̀rí yẹn lòun máa fi wọṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ tó lówó gidi, tó ní ìtọ́jú ilé ìwòsàn fún èmi àti ọmọ wa. Owó tó máa yá ló máa fi kà á.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo sì mọ bí dọ́là kan ṣe ń wọlé. A jókòó sí ìdáná ní apartment wa ní àdúgbò Alief.

"Dádì, tí ẹ bá parí, èló ni wọ́n máa san fún yín?"

"Á ju èyí tí mò ń gbà lọ dáadáa."

"Mi ò bi yín ní dáadáa. Èló?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbà á sílé ìwé náà kò sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nílé wa, a kì í bi ìwé léèrè iye tó máa mú wá, a kàn máa ń kà á ni. Mo bínú, mo palẹ̀ abọ́ mọ́, nígbà tó yá mo gbà fún un.

Ó kà á o, kò fi ṣeré. Lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, mo wọ léèsì funfun, mo sì pariwo ju gbogbo èrò ibẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá ní àfi ẹni tó bá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, pé green card, ìwé ìgbélùú ọwọ́ rẹ̀, kò tó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé ẹ̀wọ̀n aládàáni kan lọ́nà Humble gbà á ní wọ́dà. Ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò kàwé kọjá girama, owó kan náà ni wọ́n sì ń san fún wọn. Tí a bá yọ gbèsè ìwé kúrò nínú rẹ̀, kò tó owó tó ń gbà nílé òfìfo yẹn.

Oṣù tó gba owó àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Ọkọ mi ní rárá, owó oṣù àkọ́kọ́, ti ìyá ni. Àṣà wa nìyẹn: ọmọ á gbé e lé ìyá lọ́wọ́, ìyá á gbàdúrà sí i. Ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀, wọ́n ti ta wúrà ọrùn wọn nítorí rẹ̀, wọn ò sì tíì jẹ kọ́bọ̀ lára rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ìdajì ránṣẹ́."

"Màmá ò fi ìdajì tọ́ mi."

Inú kásẹ́ẹ̀tì la máa ń gba ohùn sí nígbà náà, ẹni tó bá ń lọ sílé á bá wa mú un lọ. Ọkọ mi kí ìyá rẹ̀ títí, ó wá ní, "Màmá, mo ti ríṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ bá mi gbàdúrà sí owó yìí." Ó kó gbogbo owó náà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ìjọ wa kan tó ń lọ sílé.

Ẹni náà ló mú èsì bọ̀. Mo ti kúnlẹ̀ de àdúrà kí kásẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀. Màmá kí wa, wọ́n béèrè ọmọ, a ń gbọ́ igbe adìyẹ lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ mi, o kéré nígbà náà, àmọ́ o ò kéré jù láti rántí. Nígbà tí wọ́n ti bàbá rẹ mọ́lé torí òṣèlú, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Àwọn wọ́dà á gbowó lọ́wọ́ mi kí abọ́ tó wọlé. Ọjọ́ tí mi ò bá lówó, ebi ni bàbá rẹ ń sùn. Àìsàn ibẹ̀ ló pa á. Mi ò bú ọ o, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàdúrà sí owó wọ́dà, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Mo ti dá a padà."

Owó náà pé, kò dín. Ọkọ mi ní, "Mo rántí. Mo rò pé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ni." Mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, àmọ́ inú bí mi sí wọn, inú mi ò sì tíì rọ̀ tán di òní. Kí ló dé tí wọn ò kàn gbà á, kí wọ́n fi sábẹ́ ẹní?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tán, ó jókòó sétí ibùsùn, kò dìde. Ká ní kò sí gbèsè ìwé lọ́rùn rẹ̀ ni, ì bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Owó tí ìyá rẹ̀ dá padà la fi san gbèsè oṣù yẹn.

Láti ìgbà náà, owó tèmi ló ń lọ sílé. Màmá ń gbà á, wọ́n sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì gbàdúrà fún mi, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Ọkọ mi á jókòó tì mí, á máa ṣe àmín.

Gbèsè náà kò tíì tán nígbà tí Màmá kú. Ọkọ mi kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú, owó tèmi kò sì tó ìsìnkú. Owó wọ́dà ló fi ránṣẹ́, òun ni wọ́n fi ra pósí. Nígbà tí ará ilé pè wá pé wọ́n ti sin Màmá, ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá ti gba owó náà wàyí," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.